Scrabble, crossword àti Wordle: Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọ̀ta ń lò

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, gba ipò kìíní nínú ìdíje Scrabble àgbáyé ní ìlú Perth, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Lewis Mackay tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bá a dé àṣekágbá, 4 sí òdo sì ni Jighere fi nà án. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife ẹ̀yẹ náà.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń sá fún géèmù ọ̀rọ̀. Wọ́n á ní, "Gẹ̀ẹ́sì mi ò tó." Nígbà mìíràn, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni kò tó. Orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn nǹkan inú géèmù náà gan-an ni kò yé èèyàn. Àwọn tó ṣe pàtàkì nìyí.

Nínú crossword

Arthur Wynne, ọmọ Liverpool, ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn New York World, ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1913.

*Clue*: Olobó tí wọ́n ta fún ọ kí o lè mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń wá. Nọ́ńbà tó wà ní ìparí rẹ̀ ń sọ iye lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ náà ní.

*Across* àti *down*: "Across" ni ọ̀rọ̀ tí a kọ láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. "Down" ni èyí tó ti òkè bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀.

*Anagram*: Kí a da lẹ́tà ọ̀rọ̀ kan rú, kó di ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí a bá da "listen" rú, "silent" lè jáde níbẹ̀.

*Cryptic*: Èyí sún mọ́ àlọ́ àpamọ̀ tiwa, torí ohun tí wọ́n sọ kọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn. Bí clue bá sọ pé "Mixed teas for a chair", má ronú nípa tíì rárá. "Mixed" ń sọ fún ọ pé kí o po lẹ́tà "teas" pọ̀. Ìdáhùn ni "seat", ibi ìjókòó.

*Palindrome*: Ọ̀rọ̀ tí a kà láti iwájú, tí a kà láti ẹ̀yìn, tí kò yí padà: "madam", "level". Yorùbá náà ní tirẹ̀: "ata", "ewé".

Nídìí Scrabble

Alfred Butts, ayàwòrán ilé ní Amẹ́ríkà, ló ronú kan géèmù yìí ní nǹkan bí ọdún 1930 sí i. Ó ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ jáde nínú ìwé ìròyìn. Ìdí nìyẹn tí E fi jẹ́ 12 nínú àpò, tí Q àti Z sì jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń fún èèyàn ní máàkì 10. Ní ọdún 1948, James Brunot sọ ọ́ ní Scrabble.

*Tile*: Ọmọ Scrabble, tí lẹ́tà wà lára rẹ̀. 100 ni gbogbo wọn.

*Rack*: Ibi tí o to ọmọ 7 tìrẹ sí, tí ẹni kejì kò gbọ́dọ̀ yọjú wò.

*Blank*: Ọmọ tí kò ní lẹ́tà. Méjì péré ló wà. O lè sọ ọ́ di lẹ́tà tó bá wù ọ́, àmọ́ kò ní máàkì kankan.

*Hook*: Kí o fi lẹ́tà kan kọ́ ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọ "rice", P kan péré á sọ ọ́ di "price".

*Bingo*: Kí o lo ọmọ 7 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Máàkì 50 lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn. "Dashiki", tó ti inú "dàńṣíkí" Yorùbá wọ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ lẹ́tà 7. Máàkì 15 ni lẹ́tà inú rẹ̀. Fi 50 kún un, ó di 65. "Naira" àti "kobo" náà wà nínú ìwé ọ̀rọ̀ Scrabble.

*Phoney* àti *challenge*: "Phoney" ni ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé. "Challenge" ni kí o sọ pé ọ̀rọ̀ ẹni kejì kò tọ̀nà. Ibí ni òpè ti máa ń pàdánù jù. Bí o bá dákẹ́, máàkì náà di tirẹ̀, kódà bó ṣe irọ́ ló kọ. Bí o bá sì pè é níjà tí ọ̀rọ̀ náà wà níwèé, ìyà wà fún ọ. Nínú ọ̀pọ̀ ìdíje àgbáyé, máàkì 5 ló ń bá a lọ.

Nínú Wordle

Josh Wardle ló ṣe é. Ìwé ìròyìn New York Times rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2022. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà 5 ni èèyàn ń wá, ìgbà 6 ló sì lè gbìyànjú, ìyẹn *guess*. Àwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé lẹ́tà náà wà ní àyè rẹ̀. Àwọ̀ ìyeyè ní ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ àyè rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Àwọ̀ eérú ní kò sí níbẹ̀ rárá.

Níbo ni kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀?

Àwọn ọ̀rọ̀ lẹ́tà méjì ni kí o kọ́kọ́ há sórí, torí àwọn ló ń so ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ lójú pátákó. "Qi" á gbà ọ́ lọ́wọ́ Q tí kò rí U bá rìn. "Za" náà á gba Z lọ́wọ́ rẹ. Máàkì 11 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Má sì jẹ́ kí ìtumọ̀ dà ọ́ láàmú. Nigel Richards, ọmọ New Zealand, gba ife ẹ̀yẹ Scrabble èdè Faransé ní ọdún 2015 láì gbọ́ Faransé. Àkọ́sórí ló fi ṣe é. Ẹni tó bá ti há ọ̀rọ̀ sórí kò ní bẹ̀rù bí wọ́n bá pè é ní challenge.