Ẹ̀mú DeBakey

Ẹ̀mú DeBakey jẹ́ irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ tí a fi ń di iṣan ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara mìíràn tó gbẹgẹ́ mú láì pa á lára. Orúkọ Michael DeBakey (1908–2008), oníṣẹ́ abẹ ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ní ìlú Houston, ni ó ń jẹ́.

Ìrísí: Apá méjì tẹ́ẹ́rẹ́ ni a so pọ̀ ní ìdí. Bí dókítà bá fi ìka tẹ̀ wọ́n, ẹnu wọn á pàdé. Bó bá dẹwọ́, wọ́n á là padà fúnra wọn. Ní ẹnu apá kan, ìlà eyín wẹ́wẹ́ méjì wà ní gígùn, kòtò sì wà láàárín wọn. Ìlà kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu apá kejì ló ń wọ inú kòtò náà. Nípa bẹ́ẹ̀, agbára ìdìmú á tàn káàkiri, kò ní rọ́ sí ojú kan. Ẹ̀mú eléyín ṣóńṣó ní tirẹ̀ máa ń gún ẹran ara. Nítorí náà, awọ tó yi ló yẹ kí a fi dì mú.

Lílò: A ń lò ó fún iṣẹ́ abẹ iṣan ẹ̀jẹ̀, ọkàn àti ìfun. Síbẹ̀, bí a bá fún un jù, ó lè ba iṣan jẹ́.