Odò Àgbẹ́ Ìgànmú àti Àwọn Tí Ń Gbé Etí Rẹ̀

Kò sí ọmọ ìlú wa, ìbáà ṣe ní ilé tàbí ní ẹ̀yìn odi, tí kò mọ̀ pé àbàtà ni ó yí apá púpọ̀ nínú Ìgànmú àti Ìjọra ká. Ní ayé àwọn bàbá wa Àwórì, omi kì í ṣe ọ̀tá. Ọ̀nà ọkọ̀ ni, ibi ẹja sì ni. Ìgbà tí ilé àti títì bo ilẹ̀, tí omi òjò kò rí ọ̀nà dé ọ̀sà mọ́, ni ọ̀rọ̀ yí padà. A fẹ́ rán ara wa létí bí a ti ṣe gbẹ́ ọ̀nà fún omi náà, èyí tí ará Èkó ń pè ní kánáàlì, àti ẹni tí ó jèrè rẹ̀.

Sir William MacGregor, tí ó jẹ́ Gómìnà Èkó láti 1899 títí di 1904, ti ṣe oníṣègùn kí ó tó di aláṣẹ. Ibà ni ó ń bá jà, nítorí náà ni ó ṣe dojú kọ àbàtà tí ẹ̀fọn ń pa ẹyin sí. Orúkọ rẹ̀ ni odò àgbẹ́ tí ó ya Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí ń jẹ́. Kí a má purọ́ mọ́ òyìnbó yìí: kò fara mọ́ ọn pé kí a ya ibùgbé àwọn òyìnbó sọ́tọ̀ nítorí ibà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, a tún fa omi àbàtà ní agbègbè Àpápá.

Lẹ́yìn ogun ni iṣẹ́ ọwọ́ òyìnbó dé ọ̀dọ̀ wa. A dá ilé iṣẹ́ ọtí Nigerian Breweries sílẹ̀ ní 1946, ìgò Star àkọ́kọ́ sì jáde ní 1949. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni a fi owó oṣù irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rán lọ sí ilé ìwé.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìtàn yìí ti ta kókó ni Olúwọlé. Abúlé ni Olúwọlé, níbi tí Gbọ̀ngàn Eré ti Ìjọba Àpapọ̀ dúró sí lónìí. Ní 1973 ni ìjọba ológun kó àwọn ará ibẹ̀ kúrò, kí a lè kọ́ gbọ̀ngàn náà sílẹ̀ de àjọyọ̀ FESTAC ti 1977. A fún àwọn kan nínú wọn ní ilẹ̀ ní Bádíà, tí kò jìnnà síbẹ̀. Ilẹ̀ omi ni. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dí i, tí wọ́n kọ́ ilé sí i, tí wọ́n sì ń ṣòwò lórí rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi a wọ ilé bá wọn lórí ẹní.

Ní 2006, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là láti bá Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tún ìlú ṣe. Àdúgbò tálákà mẹ́sàn-án ni a yàn, Bádíà sì wà nínú wọn. Inú ará ibẹ̀ dùn pé omi yóò rí ọ̀nà lọ. Ní oṣù kẹta 2012, a wó ilé púpọ̀ ní Bádíà Ìlà-Oòrùn láti fi àyè sílẹ̀ fún odò àgbẹ́ náà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì 2013, katakata tún dé, kì í sì í ṣe nítorí omi mọ́, bí kò ṣe nítorí ilé tuntun tí ìjọba fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Àjọ Amnesty International ṣírò pé àwọn tí ó pàdánù ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9,000. Lẹ́yìn tí ariwo ta ni a tó san owó ìrànlọ́wọ́. Lójú tiwa, bí omi ti ń fà ni iye ilẹ̀ ń gòkè, ẹni tí ó sì ti fara da àbàtà láti 40 ọdún kò sí níbi tí a ti ń pín èrè.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Ìlú Òyìnbó yóò mọ ohun tí a fẹ́ sọ yìí dáadáa. Ní Stratford-upon-Avon, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ ibẹ̀ fẹ́ pa odò àgbẹ́ kan tì ní 1958. Àwọn ará ìlú kọ̀. Ẹgbẹ́ National Trust gba iṣẹ́ náà. Àwọn tí kò gba kọ́bọ̀, àwọn ọmọ ogun àti àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n jọ kó ẹrẹ̀ rẹ̀. Ní 1964, Ìyá Ọbabìnrin ṣí i. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ń gba ibẹ̀ kọjá títí di òní, owó sì ń wọlé fún àwọn tí ń tajà ní etí rẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni, ohun tí àwọn bàbá wa ń fi roko tí wọ́n sì ń fi bolé.

Ọ̀ràn tiwa kò lè jẹ́ ti ọkọ̀ ìgbafẹ́ ní kíákíá. Pàǹtírí ni ó ń dí omi wa, ọ̀rá àti ike pọ̀ jù nínú rẹ̀. Láti oṣù kọkànlá 2016 tí Ìjọba Èkó ti fòpin sí òfin tí kò jẹ́ kí a rìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìmọ́tótó oṣooṣù, ọwọ́ ti dẹ̀ púpọ̀. Síbẹ̀ ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń dúró ní Gbọ̀ngàn Eré àti ní Orílé-Ìgànmú láti oṣù kẹsàn-án 2023, èrò sì ń sọ̀ níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí etí odò, ayálégbé àti onílé, ẹlẹ́ja àti mẹkáníìkì, gbogbo wọn ni ó yẹ kí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a sì fi ìtọ́jú apá odò tí ó kọjú sí wọn lé wọn lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹni tí ìdílé rẹ̀ bá ní ìwé tí a fi fún wọn ní ilẹ̀ ní Bádíà nígbà tí a kó Olúwọlé, kí ó jọ̀wọ́ mú ẹ̀dà rẹ̀ wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Ẹni tí ó wà ní òkèèrè lè fi ránṣẹ́.