Èwo Ni Ìfilọ̀, Èwo Ni Ìfọ̀rọ̀lọ̀?

Ní ìparí ọdún 2019, lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo jókòó sẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan tí kò jìnnà sí Old Kent Road, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ìwàásù ti parí, igbá ọrẹ ti kọjá, ó ku ìfilọ̀. Arákùnrin tó ń kà á sọ ti ìsọmọlórúkọ, ó sọ ti àwọn tó máa gbálẹ̀ ilé ìjọsìn lọ́sẹ̀ náà, ó wá mú ìwé pélébé kan jáde. Ó ní, "Wọ́n ní ká fi tó yín létí pé ìjọba fẹ́ kọ́ ibùdókọ̀ tuntun méjì sí àdúgbò wa." Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ìyá àgbà kan níwájú mi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Á ṣojú ẹ̀mí wa o." Ìwé ìbéèrè tí wọ́n kó sórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n ṣe tò ó náà ló wà nígbà tí mo ń jáde.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ta ló ń dá ìfilọ̀ lóhùn? Ẹni tó bá gbọ́ ìfilọ̀, ó rántí ọjọ́, ó rántí aago, ó bùṣe. Bẹ́ẹ̀, béèrè ni Transport for London, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ìrìnnà ìlú náà, ń béèrè lásìkò yẹn, èsì ni wọ́n sì ń retí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ bí ẹni ń ṣa obì, tí mò ń wá èyí tí ìyá yẹn ì bá gbọ́ tí kò fi ní ṣe àmín.

Bakerloo ni wọ́n ń pe ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà dá lé, òun ni wọ́n ń fi àwọ̀ búráùn yà lórí máàpù. Ọdún 1906 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọdún náà ló dé Elephant and Castle, kò sì tíì kọjá ibẹ̀ dòní. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí wọ́n fà á gba abẹ́ Old Kent Road, kó dúró lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀, kó kan New Cross Gate, kó sì parí sí Lewisham. Ní 2014, wọ́n bi ará ìlú bóyá Old Kent Road ni kó gbà, àbí Camberwell àti Peckham Rye. Èsì tó wọlé lé ní 15,000. Nígbà tí 2015 ń lọ sópin, Old Kent Road ni wọ́n mú. Ní 2017, wọ́n tún padà wá béèrè ibi tó yẹ kí àwọn ibùdókọ̀ náà wà. Ní 2019, wọ́n béèrè orúkọ tó yẹ wọ́n àti àwọn nǹkan mìíràn. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Roehampton ṣe jáde ní 2013 ka ìjọ tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù nínú wọn ní agbègbè Southwark nìkan, níbi tí Old Kent Road wà, ó jẹ́ 240. Ẹni tó bá sì ti rìn ní Peckham lọ́jọ́ Sátidé mọ̀ pé èdè Yorùbá kì í ṣe àlejò níbẹ̀.

Orúkọ Bakerloo fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ àdàpọ̀ ni. Akọ̀ròyìn kan ló fún Baker Street àti Waterloo pọ̀. Ìwé ìròyìn àwọn onírélùwéè kan bínú sí i nígbà náà, wọ́n ní orúkọ inú gọ́tà ni. Ta ló tún rántí ìbínú wọn lónìí? Mo mẹ́nu bà á nítorí àwọn tó máa ń yínmú bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ẹnì kan ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ibùdókọ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni arákùnrin onífilọ̀ ti kọ́kọ́ ṣìnà. Ibùdókọ̀ ni ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró létí ọ̀pọ̀ ènìyàn, bọ́ọ̀sì kò sì wọ́n ní Old Kent Road. Kí ló wá tuntun níbẹ̀? Láyé àtijọ́, nígbà tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin ṣe ọ̀nà láti Èkó ní 1896, tó sì dé Ìbàdàn ní 1901, àwọn bàbá wa kò jókòó ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀. Wọ́n mú rélùwéè, wọ́n mú teṣán, wọ́n ń bá tiwọn lọ. Teṣán ti wá di ti ọlọ́pàá lẹ́nu wa báyìí. Bí o bá ní wọ́n mú ẹnì kan lọ sí teṣán, kò sẹ́ni tó máa béèrè ọkọ̀ tó fẹ́ wọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tó wù mí, ibùsọ̀, ibi tí alárùú ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ láti sinmi. Ó bá ibi tí èrò ti ń sọ̀ mu, àmọ́ ìwọ̀n ọ̀nà jíjìn ni àwọn ènìyàn ti fi ń kà, mi ò sì rí i pé ẹnikẹ́ni máa dá a padà. Ohun tí mo wá fara mọ́ ni pé lórí ìwé, kí a kọ ọ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin, bí àwọn oníròyìn ṣe ń kọ ti Èkó láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń kó èrò ní 2023. Lẹ́nu, fún àwọn àgbà, kí a sọ ọ́ ní teṣán rélùwéè. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti ọ̀rọ̀ ìwé kò ní láti wọ bàtà kan náà.

Ẹ má sì ṣe gé abẹ́ ilẹ̀ kúrú. Mo ti rí i tí ẹnì kan kọ ọ́ báyìí: "Ìjíròrò lórí ọkọ̀ abẹ́lẹ̀." Ohun tí à ń ṣe lábẹ́lẹ̀, a kì í fẹ́ kí ará ìta mọ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ohun tí àwọn òyìnbó ń ṣe nígbà tí wọ́n bá gbé àbá síwájú ará ìlú tí wọ́n ní kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ á ní àpérò. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n bí a bá pé jọ, tí a rò ó, ohun tí a bá fẹnu kò sí ló yẹ kó ṣẹ. Bí o bá pe ará Camberwell sí àpérò ní 2014, tó jáde, tó sọ tirẹ̀, tí o wá lọ mú Old Kent Road, ọ̀dàlẹ̀ lo jẹ́ lójú rẹ̀. Ìforíkorí náà, orí tó bá máa kan ara wọn gbọ́dọ̀ ga dọ́gba. Ìfikùnlukùn tún jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ni, ti ọkọ sí aya, ti ọba àti ìjòyè rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ikùn iléeṣẹ́ ńlá àti ikùn ìyá tó ń gbé àjà kẹjọ ilé ìjọba, níbo ni wọ́n ti máa pàdé? Ìgbìmọ̀ ni mo tètè sá fún jù. Bí wọ́n bá ní àwọn kan gbìmọ̀, ìdajì àwọn tó gbọ́ á ti máa wo ẹ̀yìn wọn. Ìdìbò ńkọ́? Iye 15,000 yẹn lè mú ẹnì kan rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ka ìbò níbẹ̀ láti mọ ẹni tó wọlé.

Ẹ wò ó bí baálé kan ṣe fẹ́ la ọ̀nà gba àárín agboolé. Àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, bí kò bá fi ọ̀rọ̀ náà lọ àwọn ará ilé kó tó gbé ọkọ́, wọ́n á ní ó fojú tín-ín-rín àwọn. Bó bá fi lọ̀ wọ́n, ìyàwó ilé kan á ní ọ̀nà náà máa gba orí ààrò òun, àgbà kan á ní ibi tí wọ́n sin bàbá òun sí nìyẹn, baálé á sì lè yà á díẹ̀ sápá òsì. Ó sì lè má yà á, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí. Ìfọ̀rọ̀lọ̀ nìyẹn. Kò sí ohun tó wà láàárín òun àti ìfilọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ, ọ̀rọ̀ yẹn ló sì mú gbogbo ìyàtọ̀ wá, torí pé ẹni tí a bá gbé ọ̀rọ̀ fún lọ́nà yìí, èsì ló fi ń dá a padà.

Ẹjọ́ tí wọ́n dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1985, lórí ọ̀rọ̀ ilé ìwé ní agbègbè Brent, bá ìtumọ̀ yìí lọ ju bí mo ṣe rò lọ, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ sì tún fọwọ́ sí i ní 2014. Wọ́n ní ìgbà tí àbá kò tíì di ìpinnu ni kí a béèrè; mo túmọ̀ ìyẹn sí ìgbà tí amọ̀ ṣì tutù lọ́wọ́ amọ̀kòkò, torí pé ìkòkò tó ti jóná, kò sí ohun tí ìmọ̀ràn lè fi í ṣe mọ́. Wọ́n ní kí a sọ ìdí àbá náà tó bí ẹni tí à ń bi á ṣe lè fọgbọ́n dáhùn, kí a fún un láàyè ọjọ́ tó tó, kí a sì fi tọkàntọkàn gbé èsì rẹ̀ yẹ̀ wò ká tó pinnu. Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti ní dandan ni kí a ṣe ohun tó wí. Baálé wa nìyẹn gẹ́lẹ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké kò le tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, Yorùbá ti ní i kí òyìnbó tó dé. Ihò gígùn tí wọ́n máa ń gbẹ́ láti òkè wá sísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀, kànga atẹ́gùn ni mo pè é. Bí o bá ní kòtò, ẹni tó ń gbé nítòsí á máa ro ọmọ tó lè já sí i. Níbi tí ìwé ìbéèrè ti ní kí o mú bóyá o gbà tàbí o kò gbà, àyè kan wà fún ẹni tí kò sí níhà kankan. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan túmọ̀ rẹ̀ sí "kò ṣeku, kò ṣẹyẹ". Ó pé, ṣùgbọ́n ta ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà sábẹ́ èébú?

Ní March 2021, mínísítà ìrìnnà pàṣẹ lórí ilẹ̀ tí ọ̀nà náà máa gbà: bí ẹnikẹ́ni bá tọrọ àyè láti kọ́lé síbẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu Transport for London. Wọ́n lè má rí owó iṣẹ́ náà títí di ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní kọ́ ìpìlẹ̀ ilé dí ọ̀nà náà. Bí a bá túmọ̀ èyí sí ìdáàbòbò ilẹ̀, onílé á rò pé ilé òun ni wọ́n ń dáàbò bò, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà rélùwéè ni wọ́n ń dáàbò bò lọ́wọ́ òun. Ààlè ló wá sí mi lọ́kàn, àkísà tàbí ìkarahun ìgbín tí àgbẹ̀ ń so mọ́ nǹkan rẹ̀ kí ẹlòmíràn má bàa fọwọ́ kàn án. Ẹnì kan takò mí pé olóhun ló ń fi ààlè sí ohun rẹ̀, àti pé ègún wà nínú rẹ̀. Òótọ́ ni, ilẹ̀ onílẹ̀ sì ni mínísítà fi tirẹ̀ sí. Síbẹ̀, bí o bá sọ fún àgbà kan pé wọ́n ti fi ààlè sí ilẹ̀ kan, kò ní lọ da bíríkì síbẹ̀ kó tó béèrè.

Ó wá ku orúkọ. Fún èkejì nínú ibùdókọ̀ méjì orí Old Kent Road, orúkọ méjì ni wọ́n gbé síta ní 2019: Old Kent Road, tàbí Asylum. Orúkọ òpópónà kan nítòsí ni Asylum, òpópónà náà sì gba orúkọ lára àwọn ilé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1827 fún àwọn arúgbó tó ti ta ọtí jẹun rí tí wọn kò ní olùrànlọ́wọ́ mọ́. Ibi ìsádi ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí nígbà yẹn, bí ìlú ààbò inú Bíbélì. Etí Yorùbá kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ní 1907, ìjọba amúnisìn ṣí asylum tirẹ̀ sí Yábà, ilé tí wọ́n ń kó àwọn alárùn ọpọlọ sí, àwọn ará Èkó sì ń fi Yábà ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn dòní. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn kan ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pe ọ̀rọ̀ asylum náà, torí pé òun ni wọ́n tọrọ lọ́wọ́ ìjọba kí wọ́n má bàa dá wọn padà sílé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo mú ìwé ìbéèrè kan, mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá yẹn. Mo ní, "Mà, ọ̀rọ̀ teṣán rélùwéè yẹn, kì í ṣe pé wọ́n ń fi tó yín létí o. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ lọ̀ yín ni."

Ó wò mí. "Èmi? Ṣé ohun tí mo bá wí ni wọ́n máa ṣe?"

"Wọ́n lè má ṣe é, mà. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ."

Ó ní kí n ka ìbéèrè náà fún òun. Nígbà tí mo dé orí orúkọ, ó dá mi dúró, ó ní kí n tún un kà. Ó ṣe díẹ̀ kó tó fọhùn. "Níbi tí mo bá ti ń sọ̀ lójoojúmọ́, tí wọ́n á máa pe orúkọ yẹn sí mi létí nínú ọkọ̀? Kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ò fẹ́. Kọ ọ́ gàdàgbà."