Bí 10 dọ́là ṣe dínà mọ́ àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà fún ọdún 124

1/ Tí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tó ti ṣe ṣọ́jà ní Amẹ́ríkà, tí ẹsẹ̀ ń jó wọn bí iná, tí ìjọba wá kọ̀wé sí wọn pé àìlera wọn ò ju 20% lọ, ẹ pè wọ́n wá síbí. Ìwé yẹn kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà kan rí, kóòtù ò gbọdọ̀ dá sí i.

2/ Ní 1864, ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ní Philadelphia, dókítà Silas Weir Mitchell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tẹ ìwé jáde lórí ọta ìbọn tó ba nẹ́ẹ̀fù jẹ́, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ. Wọ́n rí i pé egbò lè jiná tán, kí ara ṣì máa jó èèyàn. Kò sẹ́jẹ̀, kò sọ́gbẹ́. Ẹni tó ń ṣe ló mọ̀.

3/ Ọdún yẹn kan náà ni ilé aṣòfin ní lọ́yà ò gbọdọ̀ gbà ju 10 dọ́là lọ lórí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ṣọ́jà. Wọn ò fẹ́ kí àwọn lọ́yà rẹ́ wọn jẹ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún ń gorí ọdún, 10 dọ́là ò kúrò lójú kan. Lọ́yà wo ló fẹ́ gba 10 dọ́là ní 1980, abí?

4/ Ní 1933, ó tún le sí i. Òfin ní ohun tí ilé-iṣẹ́ ìjọba bá ti sọ lórí owó yìí, abẹ gé e, kóòtù ò gbọdọ̀ dá sí i. Inú ilé-iṣẹ́ tó já ẹ kulẹ̀ náà lo ti máa fẹjọ́ sùn. Ní 1985, àwọn kan gbé òfin 10 dọ́là dé kóòtù tó ga jù lọ. Wọ́n fìdí rẹmi.

5/ Oṣù kọkànlá 1988 ni Ààrẹ Reagan fọwọ́ sí òfin tó dá kóòtù tiwọn sílẹ̀, tó sì fòpin sí 10 dọ́là yẹn. Ọdún 124!

6/ Lónìí ńkọ́? Láti 2019, ọ̀nà mẹ́ta ló wà: kí wọ́n mú ẹ̀rí tuntun wá, kí ọ̀gá mìíràn tún ìwé tó wà nílẹ̀ yẹ̀ wò, tàbí kí wọ́n lọ síwájú adájọ́ ní ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn. Kí ọdún kan tó pé o!

7/ Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Fún nẹ́ẹ̀fù sciatic, tó gba ìdí wọ ẹsẹ̀, 10, 20, 40, 60 àti 80% ló wà. Tó bá jẹ́ ìrora tàbí kíkú tipiri nìkan ni dókítà kọ, kì í sábà kọjá 20%. Tí iṣan ẹsẹ̀ bá ń joro, tí ẹsẹ̀ ò lágbára mọ́, tí iwájú ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìdá tiẹ̀.

8/ Àwa Yorùbá ti sọ ọ́ tán nínú orúkọ ẹjọ́ náà: kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ó pẹ́ gan-an kí àwọn kan tó lè sọ ọ́ ní kóòtù tiwọn. Tí kò bá tẹ́ ẹ̀gbọ́n yín lọ́rùn, kí wọ́n sọ ọ́.