Ìtàn Ìdánwò Oògùn Ìsanrajù: Ṣé Ìfẹ́ Oúnjẹ Ló Ń Dínkù, àbí Ara Ló Ń Jó Ọ̀rá?

Ẹni tó bá bèèrè bí oògùn ìsanrajù ṣe ń ṣiṣẹ́ yóò gba ìdáhùn méjì tó tako ara wọn. Àwọn kan ní oògùn náà ń mú kí ara jó ọ̀rá dànù. Àwọn mìíràn ní ìfẹ́ oúnjẹ ló ń pa. Àwọn ìwádìí tó lè yanjú ọ̀rọ̀ náà fọ́n káàkiri, òmíràn sì ń já èkejì ní koro. Ìdí nìyẹn tí àpilẹ̀kọ yìí fi kó wọn jọ. Bí a bá tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ, ohun kan ni wọ́n ń sọ: oògùn tó ń mú kí ara ná agbára jù bó ṣe yẹ lọ kò tọ́jọ́, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀, èyí tó ń dín jíjẹ kù ló ṣẹ́kù. A kò sì lè fi ojú lásán dá méjèèjì mọ̀. Àfi kí a wọn ohun tí ènìyàn jẹ, kí a sì wọn agbára tí ara rẹ̀ ná, lára ẹni kan náà, lákòókò kan náà.

Wíwọn agbára ló kọ́kọ́ dé. Ní àwọn ọdún 1890, Wilbur Atwater àti Edward Rosa kọ́ yàrá kan sí Yunifásítì Wesleyan ní Connecticut, tí ènìyàn lè gbé inú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n ń wọn oúnjẹ tó wọlé, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ tó jáde, ooru ara, àti afẹ́fẹ́ tí onítọ̀hún ń mí síta. Yàrá náà fi hàn pé agbára tí ènìyàn jẹ kì í sọnù: bí kò bá jáde bí ooru tàbí bí iṣẹ́, inú ara ló wà. Láyé ìgbà yẹn náà ni àwọn dókítà ń fi oògùn tairọ́ìdì, tó ń mú kí ara ná agbára sí i, tọ́jú ìsanrajù. Àmọ́ kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní DNP ló fi ohun tí ọ̀nà yìí lè dà hàn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi kẹ́míkà yìí ṣe ohun ìjà ní ilẹ̀ Faransé ń làágùn, wọ́n ń rù, àwọn kan sì kú. Ní 1933, Windsor Cutting àti Maurice Tainter ní Yunifásítì Stanford kéde pé ó ń mú kí ara ná agbára púpọ̀ sí i, àti pé àwọn tó sanra ń jò. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ńṣe ni DNP ń sọ agbára oúnjẹ di ooru kí ara tó rí i lò, ìwọ̀n tó ń múni jò kò sì jìnnà sí ìwọ̀n tó ń pani. Bí ooru bá ti ru gùdù, kò sí ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn tó lò ó fọ́ lójú. Nígbà tí Amẹ́ríkà ṣe òfin tuntun lórí oúnjẹ àti oògùn ní 1938, DNP kò rí àyè mọ́ nínú ìṣègùn.

Anfẹtamíìnì ló gba ipò rẹ̀, òun ló sì bí àríyànjiyàn tó yẹ ká fara balẹ̀ gbé yẹ̀ wò. Oògùn yìí ń mú ojú dá, ó ń mú ọkàn sáré, ó ń mú ẹsẹ̀ yá. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, tí àwọn ènìyàn fi gbà pé sáré-sáré yìí ló ń jó ọ̀rá. Ní 1947, Harris, Ivy àti Searle gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìdánwò, lára ajá àti lára ènìyàn, wọ́n sì parí rẹ̀ sí pé jíjẹ tó dínkù ló ń mú ara jò, kì í ṣe iná tó pọ̀ sí i nínú ara. Ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ wọn níyì ni ìbéèrè tí wọ́n gbé kalẹ̀: bó bá jẹ́ pé ara ló ń jó agbára, ẹni tó lo oògùn tó sì ń jẹ iye oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ jò. Gbogbo ìdánwò tó dára lẹ́yìn wọn, ọ̀nà yìí ló tọ̀. Anfẹtamíìnì fúnra rẹ̀ di bárakú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Àwọn oògùn kan tó tẹ̀ lé e náà kúrò lọ́jà. Wọ́n kó fenfluramine kúrò lọ́jà ní 1997 nítorí fáàfù ọkàn tó ń bàjẹ́. Rimonabant kúrò ní ilẹ̀ Yúróòpù nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Sibutramine kúrò ní 2010 nítorí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé bí wọ́n ṣe ṣubú yìí tako ohun tí mo ń sọ, nítorí ìfẹ́ oúnjẹ ni gbogbo wọn ń dín kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibòmíràn tí wọ́n fọwọ́ kàn nínú ara ni ewu wọn ti wá, a sì lè wá oògùn tí kò ní fọwọ́ kan ibẹ̀. Ti DNP kò ṣeé yà sọ́tọ̀: ooru tó ń múni jò náà ló ń pani.

GLP-1, họ́mọ́ònù inú ìfun, ló fi èyí hàn kedere.    Ní 1996, àwọn olùwádìí ilé ìwòsàn Hammersmith ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù fi í sínú ọpọlọ eku, eku náà kò sì jẹun tó bó ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ní 1998, Flint àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Copenhagen fà á sí iṣan ogún ọ̀dọ́kùnrin tí ara wọn le; oúnjẹ tí wọ́n jẹ fi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Ní 2017, ẹgbẹ́ John Blundell láti Leeds tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn 30 tó sanra lo semaglutide, oògùn tó ń ṣiṣẹ́ bíi GLP-1, fún ọ̀sẹ̀ 12, wọ́n sì tún lo abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú fún ọ̀sẹ̀ 12 mìíràn. Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú wọn kí wọ́n jẹ bó ṣe wù wọ́n, wọ́n wọn ohun tí wọ́n jẹ, wọ́n ní kí wọ́n sàmì sí bí ebi ṣe ń pa wọ́n tó, wọ́n sì wọn agbára tí ara wọn ń ná ní ìsinmi. Kálórì tí wọ́n jẹ fi bí ìdá 24 dínkù, ọ̀fun wọn kò sì fà sí oúnjẹ ọlọ́ràá mọ́ bíi tẹ́lẹ̀. Àmọ́ nígbà tí a ro ti ẹran ara wọn mọ́ ọn, agbára tí wọ́n ń ná kò yàtọ̀.

Àtakò mẹ́ta ló kù sí ọ̀rọ̀ pé ìfẹ́ oúnjẹ ló ń dínkù. Èkíní ni pé oúnjẹ tó ń pẹ́ nínú ikùn ló fà á. Nígbà tí wọ́n dán liraglutide, oògùn irú semaglutide, wò, wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn oúnjẹ nìkan ni ìdádúró náà hàn gbangba, èyí kò sì tó láti ṣàlàyé jíjẹ tó dínkù látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Èkejì ni pé èébì àti inú rírú ló ń lé ènìyàn sẹ́yìn lórí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tí inú wọn kò rú náà jò. Ẹ̀kẹta ni pé eku tó lo oògùn yìí ń jó ọ̀rá sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ eku kékeré ń ná apá tó pọ̀ nínú agbára rẹ̀ láti mú ara rẹ̀ gbóná. Ti ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀, ara ènìyàn ni Leeds sì ti wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀rí kan tún wà nítòsí wa. Yunifásítì Loyola ní Chicago àti Yunifásítì Ìbàdàn fi omi tí àwọn onímọ̀ ti fi àmì sí wọn agbára tí àwọn obìnrin agbègbè Ìbàràpá ń ná, wọ́n sì fi wé ti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní ẹ̀gbẹ́ Chicago. Àwọn ti Amẹ́ríkà sanra jù wọ́n lọ dáadáa. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008 àti 2009 fi hàn pé agbára tí wọ́n ń ná lórí iṣẹ́ ara kò ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà, kò sì sọ ẹni tí yóò sanra sí i lọ́jọ́ iwájú. Kì í ṣe ìwádìí oògùn, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan náà ló ń tọ́ka sí: ohun tó ń wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan yára. Ní 2021, nínú ìdánwò tí ènìyàn 1,961 kópa nínú rẹ̀, àwọn tó lo semaglutide fún ọ̀sẹ̀ 68 pàdánù ìdá 14.9 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn, àwọn tí kò lò ó pàdánù 2.4; ní 2022, tirzepatide, oògùn mìíràn tó ń lo ọ̀nà GLP-1, dé ìdá 20.9. Lọ́dún 2021 kan náà, àwọn tí wọ́n gba semaglutide lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 bẹ̀rẹ̀ sí í sanra padà. Ohun tó yẹ ká retí nìyẹn: bí oògùn bá kúrò, ebi á padà. Nítorí náà, dókítà tó fẹ́ kọ ọ́ fún ènìyàn gbọ́dọ̀ sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀ pé ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ọdún púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó bá ń ta tíì tàbí àgbo tó ní ó ń jó ọ̀rá: kó fi agbára tí ara ná hàn, bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n lára ènìyàn, kó sì sọ ohun tí onítọ̀hún jẹ nígbà tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Tí kò bá ní méjèèjì lọ́wọ́, kò tíì ní ẹ̀rí.