Ẹ̀KỌ́ IṢẸ́ AṢỌ: LÁTI ÀGBÀLÁ ÌYÁ WA DÉ YUNIFÁSÍTÌ

Àwọn àgbà ní aṣọ là ń kí, kí a tó kí ènìyàn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a wo bí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ aṣọ ṣe dé yunifásítì, àti ohun tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó sọnù lọ́nà.

Ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Òṣogbo, ọ̀dọ̀ ìyá tàbí ìyá àgbà ni ọmọbìnrin ti ń kọ́ àdìrẹ. Yóò gún ewé èlú, yóò sẹ́ omi eérú, yóò fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, yóò sì fi iko di òmíràn. Níhìn-ín ní Benin náà, láàárín àwọn Owina n'Ido tí í ṣe ẹgbẹ́ ahunṣọ Ọba, bàbá ni ó ń kọ́ ọmọ. Kò sí ìwé. Ojú ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ọwọ́ ni ó ń rántí.

Ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà bẹ̀rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Zaria ní 1955, lórí ìlànà òyìnbó. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ jáde níbẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Solomon Irein Wangboje, ọmọ Edo. Ó kọ́ni ní Ifẹ̀, níbi tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ibùdó Ori Olokun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968, kí ó tó wá sí Yunifásítì Benin. Ẹ ò rí i pé okùn kan ti so Ifẹ̀ àti Benin pọ̀ nínú ọ̀ràn yìí.

Ní yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ ń ya bátànì sórí ìwé kí ó tó kan aṣọ. Ó ń wọn aró, kọ́sítíìkì àti háídírò lórí òṣùwọ̀n, ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Èyí dára púpọ̀, nítorí àwọ̀ tí a bá kọ sílẹ̀, ẹlòmíràn lè tún un rẹ. Ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀ kò lè fún ọwọ́ ní ohun tí ọdún mẹ́wàá lẹ́bàá ìkòkò aró ń fún un. Màmá Nike Davies-Okundaye, tí a bí ní 1951, kò gba oyè yunifásítì kí ó tó mọ àdìrẹ. Ìyá àgbà ni ó kọ́ ọ. Síbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń lọ kọ́ṣẹ́ ní ibùdó rẹ̀ ní Òṣogbo.

Ohun tí ó ṣí ọ̀nà yìí ni ètò SIWES tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní 1973, tí ó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Lójú tèmi, òun ni afárá tí ó dára jù láàárín àgbàlá àti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Kí àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ ọnà má ṣe máa wá kìkì ibi tí wọn yóò ti gba òǹtẹ̀. Kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ aláró àti ahunṣọ.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì mọ aró í rẹ nílé, ẹ rán ọmọ lọ bá wọn ní ìsinmi yìí, pẹ̀lú ìwé àti gègé. Bí àgbà bá lọ, ó di pé à ń wá ẹni tí a ó bi. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o.