Bí Ẹ̀rọ Aṣàwárí Irin Ṣe Di Ohun Fífúyẹ́, àti Ohun Tó Yẹ Kí Ẹni Tó Fẹ́ Ra Àkọ́kọ́ Mọ̀

Ọ̀kan lára wa ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá. Ó ti tọ́jú owó díẹ̀, ó fẹ́ ra ẹ̀rọ aṣàwárí irin, ó sì bi wá léèrè èyí tó fúyẹ́ tí ẹni tí kò lò ó rí lè fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé ó fẹ́ lọ di ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà báńkì ni, torí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ti mọ ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tá a jókòó láti dá a lóhùn, a rí i pé inú ìtàn ni ìdáhùn náà wà.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1881, wọ́n yìnbọn fún James Garfield, Ààrẹ Amẹ́ríkà. Ọta kan wà nínú ara rẹ̀ tí àwọn dókítà ò rí. Alexander Graham Bell, ẹni tá a mọ̀ mọ́ tẹlifóònù, gbé ẹ̀rọ kan wá tó ń lo iná mànàmáná àti wáyà tí wọ́n ká, kó lè máa fi etí gbọ́ ibi tí irin bá wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dán an wò lára ààrẹ, kò rí ọta náà. Wáyà irin wà nínú ibùsùn tí ààrẹ sùn lé. Dókítà àgbà kò sì gbà kó wá a kọjá apá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ apá òsì ni ọta náà wà. Garfield kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án. Ẹ̀rọ náà kò purọ́ o. Irin ló gbọ́, àmọ́ kì í ṣe irin tí wọ́n ń wá. Títí dòní, ohun tó ń dààmú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó tẹ̀ lé e ni Gerhard Fisher, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó lọ tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rédíò tí ọkọ̀ òfuurufú fi ń mọ ọ̀nà ló ń ṣe. Ó gbọ́ pé rédíò náà máa ń ṣi ọ̀nà níbi tí irin bá wà, tàbí níbi tí ilẹ̀ bá ní òkúta oní-irin. Ó ronú pé ohun tó ń ba iṣẹ́ òun jẹ́ yìí lè di iṣẹ́ mìíràn. Ọdún 1937 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ pé òun ló ni iṣẹ́ náà. Àpótí onígi méjì tí wáyà bàbà wà nínú wọn ni ẹ̀rọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ kan gbé ṣeré.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Józef Kosacki, ọ̀gá ọmọ ogun ilẹ̀ Poland tó wà ní Scotland, ṣe èyí tí ọmọ ogun kan ṣoṣo lè gbé káàkiri láti wá bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ó wúwo tó kílò 14. Wọ́n kó 500 rẹ̀ lọ sí El Alamein ní ilẹ̀ Íjíbítì ní ọdún 1942. Ibi tí àwọn tó ń tú bọ́ǹbù ti máa ń rin nǹkan bíi mítà 100 láàárín wákàtí kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rin nǹkan bíi 200. Kosacki kò gba ìwé àṣẹ kankan lórí iṣẹ́ náà. Ó yọ̀ǹda rẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì.

Lẹ́yìn ogun, àwọn ará ìlú ń ra èyí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àwọn ológun, wọ́n ń fi wá owó ẹyọ àtijọ́. Nígbà tí tiransísítọ̀ dé, bátìrì ńlá kò pọn dandan mọ́, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Ọdún 1964 ni Charles Garrett dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Texas. ACE 250 tí wọ́n ṣe níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti fi bẹ̀rẹ̀, wúwo tó nǹkan bíi kílò 1.2. Ẹ̀rọ Kosacki kan ju mẹ́wàá irú rẹ̀ lọ lórí ìwọ̀n.

Kí ni ẹni tó fẹ́ ra àkọ́kọ́ máa wá wò? Kó má kàn ka iye kílò tí wọ́n kọ sára páálí. Kó nà án síwájú, kó máa fì í sọ́tùn-ún sósì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí gbogbo ìwúwo bá wà níwájú, níbi àwo tó ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, èjìká á sọ. Èyí tí bátìrì rẹ̀ wà lẹ́yìn ìgúnpá sábà máa ń rọrùn jù, kódà bó bá fi díẹ̀ wúwo. Àwo ńlá máa ń gbọ́ ohun tó jìn, àmọ́ ó ń fi kún ẹrù. Ilẹ̀ pupa tiwa yìí kún fún irin fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ tí kò ṣeé tún ṣe kó bá ilẹ̀ mu á kàn máa pariwo lásán ni. Kó má sì yára pa ohùn àwọn ohun tó dà bí pàǹtí, torí òrùka wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń dún bíi bébà fàdákà tí wọ́n fi ń di oúnjẹ.

Gbogbo èyí la sọ fún ọ̀rẹ́ wa. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti le kù. Nígbà tí ẹ̀rọ wúwo, àwọn ológun àti ilé iṣẹ́ ló ń gbé e. Nígbà tó fúyẹ́, ẹnikẹ́ni lè gbé e wọ oko olóko lóru. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, àwọn olè fi ẹ̀rọ yìí tú ilẹ̀ tẹ́ńpìlì àwọn ará Róòmù ní Wanborough, ní gúúsù England, wọ́n kó owó ẹyọ ibẹ̀ tà. Ìyẹn wà lára ohun tó bí òfin ìṣúra tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 1996.

Ẹ wá wo ti Eric Lawes. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1992, òòlù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọnù sínú oko ní Hoxne, ní Suffolk. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ wá a. Wúrà àti fàdákà ló bá pàdé. Ó kó díẹ̀, ó dáwọ́ dúró, wọ́n sì ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn ló hú ìyókù. Owó ẹyọ ibẹ̀ nìkan jẹ́ 14,865. Nítorí pé ó dáwọ́ dúró, wọ́n rí bí wọ́n ṣe to ẹrù náà sínú àpótí ní nǹkan bí ọdún 1,600 sẹ́yìn. Wọ́n san owó ńlá fún un, ó pín in pẹ̀lú olóko. Wọ́n rí òòlù náà pẹ̀lú.

Kí ló kan àwa nínú èyí? Ní ọdún 1938, àwọn tó ń walẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ ní Ilé-Ifẹ̀ kan àwọn orí idẹ. Ẹ̀rọ kankan kò sí lọ́wọ́ wọn. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ra méjì, ó dá wọn padà ní ọdún 1950. Ọ̀kan wà ní British Museum títí dòní. Ṣùgbọ́n àdánù tó dùn wá jù kò ṣeé dá padà: kò sẹ́ni tó kọ bí àwọn orí náà ṣe wà nínú ilẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn táwọn onímọ̀ fi ń jiyàn di báyìí lórí ohun tí wọ́n fi wọ́n ṣe. Ohun tí Hoxne ní, tí Wúnmọníjẹ kò ní, nìyẹn.

Ẹ̀rọ yìí kò sì gbọ́ amọ̀, kò gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tó bá ń gbẹ́lẹ̀ tẹ̀ lé ohùn ìṣó kan lè fọ́ ère alámọ̀ tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Òfin ọdún 1979 tó dá àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá fẹ́ walẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé gbọ́dọ̀ gba àṣẹ.

Ìmọ̀ràn wa nìyí: rà á bó o bá fẹ́. Fi wá kọ́kọ́rọ́ tó sọnù sí pápá bọ́ọ̀lù, gba àyè lọ́wọ́ onílẹ̀, má sì gbé e sún mọ́ ilẹ̀ àtijọ́. Bí ohun tó jọ ti àwọn baba ńlá wa bá yọjú, gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ kó o lọ pe àwọn tó mọ̀ ọ́n hú. Ẹni tó bá ń wá ìfà, òfò ló ń wá. Ó bi wá pé òfò ta ni. A ní ti gbogbo wa ni.